Èèyàn ò wá wo bọ́ọ̀lù mọ́, owó pápá sì ń jẹ wá run: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akápò_Wa
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Èmi ni mò ń mójú tó owó fún kílọ́ọ̀bù kékeré kan, líìgì ìsàlẹ̀ la wà, a ò sí lára àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Pápá wa gba èèyàn 9,000. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí a máa ń rí 3,000 lọ́jọ́ tó bá dáa, ní sáà tó kọjá yìí a ò kọjá 1,300 lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí òjò rọ̀ tí mo fi ojú ara mi ka orí èèyàn, wọn ò pé 700. Iná ò dínkù, omi ò dínkù, ìnṣọ́ráǹsì lọ sókè, òrùlé sítáǹdì apá ìwọ̀ oòrùn ń jò, ẹlẹ́ńjiníà sì ti sọ pé ká tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ìgbìmọ̀ fẹ́ fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì kó lè bo gbogbo ẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò ní nǹkan míì tí màá gbé síwájú wọn. Ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

Ẹ̀yìn_Góòlù
Ẹ má fi owó kún un o. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò sí ní ìgbìmọ̀ kankan, fáànù ni mí láti ìgbà tí bàbá mi ti ń gbé mi sí èjìká lọ sí pápá. Kílọ́ọ̀bù tiwa fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún tá a já wálẹ̀, bọ́ọ̀lù burú sí i owó sì gun òkè sí i, àwa mẹ́fà la máa ń jókòó pọ̀, kí sáà yẹn tó parí ó ti ku àwa méjì. Wọn ò bínú o, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò kàn wá mọ́ ni. Ẹni tí lílọ sí pápá bá ti kúrò lára ẹ̀ fún odidi sáà kan, Sátidé ẹ̀ ti rí iṣẹ́ míì, ẹ ò ní tètè rí i padà.

Ìṣirò_Ló_Kù
Bọ̀dá Akápò, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti bá kílọ́ọ̀bù méjì ṣe ìṣirò owó rí, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan ná: ẹ mọ iye tó ń ná yín láti ṣí géètì lọ́jọ́ eré kan? Mi ò sọ ti ọdún o, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mò ń wí. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù kékeré tí mo mọ̀ ni ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní iná tó báyìí lóṣù, owó òṣìṣẹ́ tó báyìí lóṣù, gbogbo ẹ̀ á wá dà pọ̀ bí ẹrù tí wọ́n dì láìtò.

Ẹ pín in sọ́nà méjì. Ọ̀kan ni owó tẹ́ ẹ máa san bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ yọjú: ìnṣọ́ráǹsì, koríko, ọlọ́dẹ, àyẹ̀wò òrùlé àti irin, gbèsè bánkì, rẹ́ńtì tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ni pápá. Ìkejì ni owó tó ń tẹ̀lé ṣíṣí géètì: àwọn tó ń darí èrò, áńbúláǹsì àti nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, iná ńlá alẹ́, àwọn tó ń gbálẹ̀, omi ilé ìyàgbẹ́. Ìkejì yìí, ẹ tún pín in sí sítáǹdì kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ gan-an lowó ń gbà jò lọ. Sítáǹdì tí èèyàn 90 jókòó sí nínú ìjókòó 2,000, ó ṣì nílò ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì, iná, omi, ìgbálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 90 pín owó yẹn, ẹ lè wá rí i pé ohun tẹ́ ẹ ń ná lórí ẹnì kan níbẹ̀ ju owó tó san wọlé lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí iyẹn, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì á yí padà lójú yín. Nínú sítáǹdì tẹ́ ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀, ẹni kan tó bá wá jókòó sórí àga òfìfo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún ìnáwó yín, àmọ́ ó mú owó tíkẹ́ẹ̀tì wá, ó máa ra nǹkan mímu, ó lè ra ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì máa pariwo. Torí náà ohun tí màá sọ fún ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dín ibi tí wọ́n ń ṣí kù, kí wọ́n tó ronú kan fífi owó kún ohunkóhun.

Ìyá_Ẹgbẹ́
Ohun tí Ìṣirò sọ yẹn la ṣe, sítáǹdì méjì la tì pa, owó ọjọ́ eré sì dínkù gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tá a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé kẹ́ ẹ má bàa gba ibẹ̀. Bébà la kàn lẹ̀ mọ́ géètì. Àwọn bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jókòó sójú kan náà fún ogún ọdún, ọ̀kan nínú wọn ìyàwó ẹ̀ ló máa ń jókòó ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó tó kú, àga yẹn gan-an. Wọ́n dé lọ́jọ́ eré wọ́n rí bébà. Àwa tá a wà ní ọ́fíìsì rò pé ọ̀rọ̀ àga lásán ni. Ó tó bí èèyàn 40 tí kò padà wá lọ́dún yẹn, títí di òní ó ṣì ń dùn mí, torí ká ní a pe wọ́n ṣáájú ni, wọn ì bá gbà.

Ìkejì, ẹ má ti ọ̀nà àbájáde pa o. Ìjókòó lẹ fẹ́ tì, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá jáde. Ẹ lọ bá àwọn tó fún yín ní ìwé àṣẹ pápá, kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn báyìí ló lè wà ní sítáǹdì tó kù àti pé òṣìṣẹ́ báyìí ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn_Góòlù
Màmá, ọ̀rọ̀ àga yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni.

Èmi náà fẹ́ fi kún un pé ariwo nìkan tó nǹkan. Èèyàn 1,300 tó fọ́n káàkiri ìjókòó 9,000, ṣe ló máa ń dà bí ibi ìsìnkú. Ẹ kó 1,300 yẹn jọ sójú kan lẹ́yìn góòlù, ẹni tó kọ́kọ́ wá á fẹ́ padà wá.

Ìtàn_Bọ́ọ̀lù
Àwọn ńláńlá gan-an ti rí i. Juventus tó jẹ́ pé òun ló gba líìgì jù ní Ítálì, pápá Delle Alpi tí wọ́n ń lò gba nǹkan bí 69,000, ibi ìsáré ìje yí koríko ká, fáànù jìnnà sí bọ́ọ̀lù débi pé wọn ò rí nǹkan dáadáa. Eré ife ẹ̀yẹ Ítálì kan wà ní sáà 2001 sí 2002 tí wọ́n bá Sampdoria gbá, èèyàn 237 ló wá. Wọ́n wó pápá yẹn, wọ́n sì kọ́ òmíràn sójú ibẹ̀, wọ́n ṣí i ní 2011, ó gba nǹkan bí 41,000 péré, àga sún mọ́ koríko, ó sì ń kún. Wọ́n dín ìjókòó kù, owó wá wọlé sí i.

Darlington ní England ṣe òdìkejì ẹ̀. Kílọ́ọ̀bù kékeré, ẹni tó ni í kọ́ pápá 25,000 fún wọn, wọ́n kó wọ ibẹ̀ ní 2003. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ló máa ń wá. Kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti kó sọ́wọ́ àwọn tí ilé ẹjọ́ yàn láti máa bójú tó gbèsè wọn, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2009, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2012, ọdún yẹn ni wọ́n fi pápá ńlá náà sílẹ̀, tí wọ́n já wálẹ̀ sí líìgì ìsàlẹ̀ pátápátá.

1860 Munich ní Jámánì náà ńkọ́, àwọn àti Bayern tí wọ́n jọ wà nílùú kan náà ni wọ́n jọ kọ́ pápá Allianz Arena tí wọ́n ṣí ní 2005, kò pé ọdún kan tí wọ́n fi ta ìdajì tiwọn fún Bayern torí owó ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n di ayálégbé níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n já wálẹ̀ ní 2017 wọ́n padà sí pápá àtijọ́ wọn ní Grünwalder Straße, 15,000 ló gbà, ibẹ̀ sì máa ń kún bámú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Akápò_Wa
Ẹ ṣeun gan-an, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn_Bọ́ọ̀lù, àwa ò lówó tá a lè fi wó nǹkan kan ká tún òmíràn kọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ náà la máa lò. Ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní ká sún un di sáà tó ń bọ̀, ká fi owó ẹ̀ san gbèsè iná.

Ìtàn_Bọ́ọ̀lù
Bọ̀dá, ẹ má gbà fún un. Ní 11 oṣù karùn-ún 1985, sítáǹdì onígi kan gbiná ní pápá Bradford City ní England. Ìdọ̀tí ti kó jọ sábẹ́ àga láti ọdún pípẹ́, iná sì mú un. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ gbogbo òrùlé ti gbiná. Èèyàn 56 ló kú. Eré tó kẹ́yìn sáà ni o, wọ́n ti ṣètò pé lẹ́yìn ẹ̀ gan-an ni wọ́n máa tún sítáǹdì yẹn ṣe. Kò sí iye tẹ́ ẹ lè fi pamọ́ lórí òrùlé tó tó ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa ti ibì kan pa, apá ìwọ̀ oòrùn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì, lónìí, kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí owó àtúnṣe máa ti wá. Kẹ́ ẹ sì gbá abẹ́ gbogbo àga tó kù.

Ìṣirò_Ló_Kù
Mo fọwọ́ sí i. Ohun mẹ́ta wà tí wọn kì í fọwọ́ kàn tí wọ́n bá ń dín owó kù: ọ̀nà àbájáde, òrùlé àti irin, àti iye òṣìṣẹ́ tí ìwé àṣẹ sọ. Iná, koríko, rẹ́ńtì, kọ́ńtráàtì àwọn tó ń ta nǹkan, ìyẹn lẹ lè jókòó lé lórí.

Tó bá jẹ́ rẹ́ńtì lẹ ń san, ẹ bá onílé sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń san án déédéé, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ iye èèyàn tó wá, èèyàn pọ̀ ẹ san púpọ̀, èèyàn kéré ẹ san kékeré. Ẹ má dúró títí tó fi máa dìjà. Coventry City ní England àti àwọn tó ni pápá tí wọ́n ń lò jà lórí rẹ́ńtì títí Coventry fi kó lọ máa gbá bọ́ọ̀lù ilé wọn ní ìlú míì, Northampton, ní sáà 2013 sí 2014, ìrìn àjò ni fún fáànù kó tó débẹ̀, nǹkan bí 2,000 ló kù tó ń wá. Pápá náà ṣófo, kílọ́ọ̀bù ṣófo.

Olùtọ́jú_Koríko
Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ tèmi ni koríko, ọdún mọ́kànlá nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ díẹ̀ torí gbogbo èèyàn tó bá ń wá owó níbi pápá, koríko ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe orin níbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ ṣe ìpàdé. Ó dáa. Àmọ́ kí orin wà lẹ́yìn tí sáà bá parí, kì í ṣe àárín sáà, torí tí wọ́n bá fi pákó bo koríko fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ó ti pọ́n nìyẹn, owó títún un gbìn lè gbé gbogbo èrè orin lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó háyà pápá ló máa san owó àtúnṣe koríko, kẹ́ ẹ sì gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáájú. Yàrá abẹ́ sítáǹdì ló ń mówó wọlé láìpa nǹkan lára. Yàrá tẹ́ ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ilé ẹ̀kọ́ lè lò ó láàárọ̀, àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá lè lò ó lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ koríko oníke ńkọ́? Ó ń pa owó wọlé lóòótọ́, torí ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ máa gba owó lọ́wọ́ wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ka òfin líìgì yín àti ti líìgì tó wà lókè yín. Sutton United ní England fi koríko oníke jẹun dáadáa, nígbà tí wọ́n gòkè wọ líìgì kẹrin ní 2021 ó di dandan kí wọ́n hú u, torí líìgì yẹn ò gbà á. Ní Scotland náà, àwọn kílọ́ọ̀bù líìgì àkọ́kọ́ dìbò ní 2024 pé tó bá di sáà 2026 sí 2027 wọn ò fẹ́ ẹ mọ́.

Iná ńlá yín, ṣé gílóòbù àtijọ́ ni? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ yí i sí LED tí kì í jẹ iná púpọ̀. Eré ọ̀sán sì dáa ju eré alẹ́ lọ fún ẹni tó ń sanwó iná, ẹ bẹ líìgì kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbá a lọ́sàn-án.

Ẹ̀yìn_Góòlù
Ìyẹn lórí àkókò eré o, òótọ́ gidi ni. Ọjọ́ Ajé alẹ́, ta ló fẹ́ wá, ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́la. Ní Jámánì àwọn fáànù ta kò ó títí, wọ́n kọ̀ láti kọrin, wọ́n fi apá kan sílẹ̀ lófìfo, wọ́n sì yọ eré ọjọ́ Ajé kúrò láti sáà 2021 sí 2022.

Ẹ tún padà sórí tíkẹ́ẹ̀tì jàre. Ṣé ẹ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí èèyàn tún lè mọ ojú ọ̀nà?

Ìṣirò_Ló_Kù
Lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá, mi ò fara mọ́ ọn àfi tí ẹlòmíràn bá máa san án. Fortuna Düsseldorf ní Jámánì ṣe é ní 2023, àwọn onígbọ̀wọ́ ló fowó sílẹ̀, wọ́n sì yan eré mẹ́ta nínú sáà. Àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, wọ́n gbàlejò Kaiserslautern, àlejò gbá góòlù mẹ́ta wọlé, Fortuna yí i padà di 4-3. Pápá tó gbà ju 50,000 kún. Ẹni tó bá wá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn á fẹ́ sanwó wá nígbà míì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn ń pín tíkẹ́ẹ̀tì kiri láìsí ẹni tó sanwó ẹ̀, ẹni tó ti sanwó odidi sáà tẹ́lẹ̀ á máa wo ara ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tíkẹ́ẹ̀tì sáà tó rọjú, tí wọ́n sì tà ṣáájú. Bradford City yẹn kan náà tí Ìtàn_Bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ẹ̀, fún sáà 2015 sí 2016 wọ́n ta ti àgbàlagbà ní pọ́ùn 149, lé ní 18,000 ló rà á, líìgì kẹta ni wọ́n wà nígbà yẹn o! Kílọ́ọ̀bù tó wà ní líìgì kẹta. Owó wọlé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ iye tó wà lọ́wọ́, ẹni tó sì ti sanwó tán á wá bí òjò bá ń rọ̀.

Ìyá_Ẹgbẹ́
Àti kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Owó tó rọjú ò rọjú fún ẹni tí wọ́n bá ní kó mú gbogbo ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún pe àwọn tí kò wá mọ́. Ẹ ní nọ́ńbà wọn nínú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ẹ má fi ìbéèrè gbọọrọ ránṣẹ́, ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Àwa rò pé torí a ò borí ni. Nígbà tá a pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ń wọ̀ padà sílé ò sí mọ́ lálẹ́, àwọn obìnrin sì ní ilé ìyàgbẹ́ wa ò ṣeé wọ̀. Kò sí èyí tó kan góòlù nínú ẹ̀. A tún ilé ìyàgbẹ́ ṣe, owó ẹ̀ ò tó owó agbábọ́ọ̀lù kan fún oṣù méjì.

Ìtàn_Bọ́ọ̀lù
Màmá, ẹ wo England lódindi. Ní sáà 1948 sí 1949, lé ní mílíọ̀nù 41 tíkẹ́ẹ̀tì ni líìgì wọn gbà wọlé. Nígbà tó fi máa di 1985 sí 1986 ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 àti ààbọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú ẹ̀, àmọ́ ìjà, pápá tó ti gbó àti ẹ̀rù pé èèyàn lè fara pa wà nínú ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ikú àwọn fáànù 97 tí èrò tẹ̀ pa ní pápá Hillsborough ní 1989 ni wọ́n tó tún pápá ṣe lóòótọ́, èrò sì padà. Wọ́n fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì gan-an nígbà yẹn o, ọ̀pọ̀ tálákà ni ò sì lè wọlé mọ́, ìyẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ nínú ẹ̀.

Ní ti owó àti iṣẹ́ àtúnṣe, ẹ ké sí àwọn fáànù. Union Berlin ní Jámánì, ní 2008 sí 2009, pápá wọn ti gbó, owó ò sí, lé ní 2,000 fáànù ló wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgbowó, wákàtí 140,000 ni wọ́n kà. AFC Wimbledon náà yá owó lọ́wọ́ fáànù, lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn, wọ́n sì fi parí pápá tuntun tí wọ́n wọ̀ ní 2020, nǹkan bí 9,000 péré ló gbà, wọ́n kọ́ ọ lọ́nà tí wọ́n á fi lè fẹ̀ ẹ́ tí èèyàn bá pọ̀ sí i. Iṣẹ́ orí òrùlé gan-an, ẹ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kíkùn ọ̀dà, gbígbá ilẹ̀, títún àga ṣe, fáànù lè ṣe é.

Akápò_Wa
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe ìṣirò tí Ìṣirò ní kí n ṣe, alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Sítáǹdì ìwọ̀ oòrùn, èèyàn tó ń jókòó síbẹ̀ kì í ju 110 lọ, òun ló sì ń gbé bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó tá à ń ná lọ́jọ́ eré. Mo wo bébà yẹn títí. A ti ń san owó yìí fún ọdún mẹ́rin láìmọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé nìyí: ká ti apá ìwọ̀ oòrùn pa láti eré tó ń bọ̀ títí òrùlé á fi dáa, ká kó gbogbo èèyàn sí sítáǹdì ńlá àti ẹ̀yìn góòlù kan, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì dúró síbi tó wà, kí tíkẹ́ẹ̀tì sáà wálẹ̀ fún ẹni tó bá rà á kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kó sì ṣeé san lóṣooṣù. Owó tá a bá rí níbi títì yẹn, òrùlé ló ń lọ tààrà, kò gbọdọ̀ wọ inú owó agbábọ́ọ̀lù.

Àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà ní apá ìwọ̀ oòrùn jẹ́ 84. Mo ti tẹ orúkọ wọn jáde. Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.

Ìyá_Ẹgbẹ́
Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó dàgbà jù. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ jókòó tì, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n pé ibo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín pe ìdajì, ẹ fi méséèjì ránṣẹ́ sí mi, mo wà nílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí.